Ilé Ni Wọ́n Wò, Wọn Kò Wo Ìran: Lámèyítọ́ lórí Ìpínsísọ̀rí àti Ibùgbé Àwọn Ẹ̀dá Oní-òrùka Kéékèèké Inú Òkun

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe náà tọ̀nà láàrin ènìyàn, nítorí ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ mọ bàbá, ó mọ ìyá, ó sì mọ ohun tí ojú ilé náà ti rí kí ọmọ tó dé. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá bá ẹ̀dá kan pàdé nínú yanrìn etí òkun. Kò mọ bàbá rẹ̀, kò mọ ìyá rẹ̀. Ara ẹ̀dá náà nìkan ló wà níwájú rẹ̀, ilé tí ẹ̀dá náà ń gbé sì ti mọ ara yẹn bó ṣe wù ú. Àríwísí wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé láti 1878 títí di nǹkan bí 1969, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pín àwọn ẹ̀dá oní-òrùka kéékèèké inú òkun sí ìsọ̀rí rí iṣẹ́ ọwọ́ ilé, wọ́n sì pè é ní àmì ìran. Èrò yẹn ti kúrò nínú ìwé àwọn onímọ̀. Kò tíì kúrò nínú ọ̀nà tí a gbà ń kó sáyẹ́ǹsì wọ inú èdè wa, ìdí sì nìyí tí olùkọ́ Yorùbá fi dá sí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kó jẹ́ ti ẹ̀ka Báyọ́lọ́jì.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, àwa olùkọ́ èdè ni wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀-ìperí wá bá. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yóò kọ orúkọ mẹ́wàá sórí ìwé, yóò ní kí a bá òun wá Yorùbá wọn. A ó jókòó, a ó wo ìtumọ̀ Látìn tàbí Gíríìkì orúkọ náà, a ó sì gbé e wọ Yorùbá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: 'archi' di 'ìṣẹ̀dálẹ̀', 'poly' di 'púpọ̀', 'chaeta' di 'irun líle'. Iṣẹ́ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ inú ìpínsísọ̀rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ẹjọ́ ni. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ń rojọ́ pé àwọn ẹ̀dá báyìí jẹ́ ọmọ ìyá, àti pé àwọn ọ̀hún kì í ṣe ọmọ ìyá wọn. Bí a bá túmọ̀ orúkọ náà láì béèrè bí ẹjọ́ ṣe lọ, a ti di agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, Yorùbá sì ti sọ irú àgbà tí ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Láti inú àpò Linnaeus

Ní 1758, nígbà tí Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, pín gbogbo ẹranko tó mọ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́fà, ó dá àpò ńlá kan tó pè ní Vermes. Ohunkóhun tí kò bá ti jẹ́ ẹran afọ́mọlọ́yàn, tí kì í ṣe ẹyẹ, tí kì í ṣe ẹja, tí kì í ṣe ọ̀wọ́ ejò, alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́, tí kò sì ní ẹsẹ̀ onírìíkèé bíi ti aáyán, inú àpò yẹn ló lọ. Ekòló wà níbẹ̀, eṣúṣú wà níbẹ̀, aràn inú ìfun wà níbẹ̀, ìgbín náà wà níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń palẹ̀ ilé mọ́, tó kó gbogbo ohun tí kò rí ibi fi sí sínú agbọ̀n kan ní kọ̀rọ̀. Kí a má fi í ṣe ẹlẹ́yà jù. Ọ̀rọ̀ 'kòkòrò' ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn gan-an lẹ́nu wa: aáyán ni kòkòrò, ìdin ni kòkòrò, ohun tí ojú kò rí tó ń fa àìsàn náà, kòkòrò ni.

Lamarck ní ilẹ̀ Faransé ló yọ àwọn oní-òrùka kúrò nínú àpò náà ní 1802. Orúkọ tó fún wọn wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí òrùka kékeré. Ẹni tó bá ti na ekòló sórí àtẹ́lẹwọ́ rí yóò mọ ohun tí Lamarck rí: ìlà wínníwínní tó yí ara ká láti orí dé ìdí. Ìlà wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òrùka kọ̀ọ̀kan dà bí yàrá nínú ilé gígùn, ohun tó sì wà nínú yàrá kan, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni a ó tún bá nínú yàrá tó tẹ̀ lé e: iṣan tirẹ̀, okùn ìmọ̀lára tirẹ̀, ọ̀nà tí ó fi ń da omi ìdọ̀tí nù.

Ní 1850, Grube, ará Jámánì, dá orúkọ Polychaeta sílẹ̀, onírun-púpọ̀, fún àwọn oní-òrùka inú òkun tí irun líle pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ekòló àti eṣúṣú dá dúró lọ́tọ̀. Ìpín yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ girama títí di òní, òun náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ sójú pátákó nígbà ìdánrawò ìkọ́ni: onírun-púpọ̀, onírun-díẹ̀, eṣúṣú, ìlà mẹ́ta tó gún régé. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àyẹ̀wò DNA láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ti fi hàn pé àárín àwọn onírun-púpọ̀ gan-an ni ekòló àti eṣúṣú ti jáde. Ẹni tó bá pín wọn sí mẹ́ta dà bí ẹni tó sọ pé oríṣi ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú agboolé kan: àwọn ọmọ bàbá àgbà, àwọn ọmọ Àjàyí, àti àbíkẹ́yìn Àjàyí, nígbà tí Àjàyí fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ-ọmọ bàbá àgbà. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ òtítọ́. Títò wọ́n sí ẹgbẹ́ ara wọn ni irọ́.

Archiannelida, ìdílé tí kò sí

Èyí gan-an ni àárín ọ̀rọ̀ wa. Ní 1878, Hatschek, onímọ̀ ẹranko ará Austria, ṣe àyẹ̀wò bí ọmọ Polygordius ṣe ń dàgbà. Polygordius tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ara rẹ̀ ń dán, kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́, òrùka ara rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn síta. Ọmọ rẹ̀ a máa lúwẹ̀ẹ́ lójú omi. Ó rí róbótó bí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta, irun wínníwínní sì yí i ká bí ìgbànú. Hatschek rò ó pé ohun tí ara rẹ̀ rọrùn tó báyìí kò lè jìnnà sí orírun. Ó dá ìsọ̀rí tuntun sílẹ̀, ó pè é ní Archiannelida, oní-òrùka ìṣẹ̀dálẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn kó àwọn ẹ̀dá kéékèèké yòókù wọ agbo náà: Protodrilus, Saccocirrus, Nerilla, Dinophilus.

Agbo yìí kò bá ara mu láti ìbẹ̀rẹ̀. Polygordius lè gùn ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Nerilla kì í sábà ju mìlímítà méjì lọ. Saccocirrus ní irun líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ara Polygordius sì ń dán bọ̀rọ́. Ohun tó so wọ́n pọ̀ jù ni ohun tí wọn kò ní. Wọn kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tó lágbára, wọn kò sanra, ẹ̀yà ara wọn kò díjú. Ṣé ohun tí ènìyàn kò ní ni a fi ń mọ ìdílé rẹ̀? Bí a bá kó gbogbo ẹni tí kò ní mọ́tò ní ìlú kan jọ sí pápá, ogunlọ́gọ̀ ni a kó jọ, a kò tíì kó ìdílé kan jọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé wọn, nítorí ibẹ̀ ni àlàyé wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé inú àlàfo tó wà láàrin hóró yanrìn kan sí èkejì, lábẹ́ òkun tàbí ní etí rẹ̀. Omi ló kún inú àlàfo náà. Ekòló inú oko a máa ti ilẹ̀, a máa jẹ ẹ́, a sì máa là á kọjá. Òun ló mú kí àwọn àgbà wa sọ ọ̀rọ̀ nípa ekòló tó júbà tí ilẹ̀ sì lanu fún un. Àwọn ará àlàfo yanrìn kò bẹ yanrìn kó lanu. Wọ́n dà bí eèrà nínú àpò ẹ̀wà, tó ń gba àárín hóró kọjá láì mú hóró kankan kúrò ní ààyè rẹ̀. Ẹni tí yóò gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gígùn yóò há. Irun wínníwínní tó wà lára ló sàn láti fi yọ́ rìn. Nígbà tí ìgbì bá dé tó gbọn yanrìn jìgìjìgì, ó nílò oje tó ń lẹ̀ mọ́ hóró kí omi má baà gbé e lọ. Ara kékeré kò ní ààyè fún ẹyin púpọ̀, nítorí náà ẹyin díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń yé.

Gbogbo ohun tí Hatschek àti àwọn tó tẹ̀ lé e kà sí àmì àtijọ́, ilé yìí lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lè gba ẹnu ọ̀nà kúkurú kan wọlé, ẹni tó dúró nínú yàrá tó ń wò wọ́n kò lè sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n nítorí pé gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló bẹ̀ wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀.

Remane ní Kiel, ní ilẹ̀ Jámánì, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ó hàn pé àlàfo yanrìn jẹ́ ibùgbé kan gédégbé, tó ní òfin tirẹ̀. Ní 1969 Hermans gbé ọ̀rọ̀ Archiannelida yẹ̀ wò tìṣọ́ratìṣọ́ra, kò sì rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ kà á sí ìdílé kan. Ní 1987 Westheide mú àlàyé mìíràn wá, pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí jẹ́ ọmọ àwọn tó tóbi jù wọ́n lọ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ nígbà tí ara wọn ṣì wà ní ti ọmọdé, tí wọ́n sì dúró síbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ yóò tètè mọ ohun tí à ń sọ: àgbàdo tí òjò já kulẹ̀ fún, tó yọ ọmọ nígbà tí igi rẹ̀ kò tíì ga dé orúnkún. Bí a bá rí irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, a kì í sọ pé òun ni ìyá ńlá gbogbo àgbàdo.

Àlàyé Westheide dùn, ọ̀pọ̀ sì gbà á. Lójú tiwa, ó ní àlébù kan tó jọ ti Hatschek: òun náà fẹ́ fi ìtàn kan ṣoṣo bo gbogbo ará ilé. Ní 2015, Struck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì tọ ìran wọn lọ. Wọ́n rí i pé ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà dé inú yanrìn. Agbo kan, tí Dinophilus àti àwọn ìbátan rẹ̀ wà nínú rẹ̀, bá àlàyé àgbàdo tí a ṣe lókè yìí mu. Agbo kejì, tí Protodrilus àti Polygordius wà nínú rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń kéré sí i díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kúrò nínú yanrìn oníhóró ńlá bọ́ sínú èyí tó kúnná. Ìdílé tí Hatschek rò pé ó wà ní ìsàlẹ̀ igi, àwọn ẹ̀ka méjì tó jìnnà síra ni, kò sì sí èyí tó wà ní ìdí igi nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kò sì parí síbẹ̀. Ní 2021, nígbà tí wọ́n ka gbogbo jíìnì ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Dinophilus àtijọ́, èyí tí a ń pè ní Dimorphilus gyrociliatus báyìí, wọ́n tún gbé ìdílé rẹ̀ kúrò níbi tí iṣẹ́ 2015 fi í sí.

Ẹ̀dá yìí yẹ ní dídúró lé lórí díẹ̀. Abo rẹ̀ gùn tó mìlímítà kan. Akọ rẹ̀ kéré púpọ̀púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ; inú àpò ẹyin ló ti ń bá àwọn arábìnrin rẹ̀ lò pọ̀, kò sì pẹ́ tí í kú. Àkójọ jíìnì rẹ̀ kúrú gan-an, mílíọ̀nù lọ́nà 73.8 lẹ́tà, síbẹ̀ ó wà létòlétò bí ilé ẹni tó mọ ètò. Ẹni tó bá pe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ní 'aláìlájù' kàn ń wo ìwọ̀n rẹ̀ ni.

Kí ló mú kí Archiannelida pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí oyè? Èrò tiwa ni pé ìgbàgbọ́ kan ló gbé e ró, pé ohun tó rọrùn ni ohun àtijọ́. Ìgbàgbọ́ yìí kan àwa olùkọ́ni ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ó jọ òfin iṣẹ́ wa. A ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti orí ohun tó rọrùn lọ sí èyí tó díjú. Òfin rere ni. Ó wúlò fún títo ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ bá to ẹranko sójú pátákó láti kékeré dé ńlá, láti aláìlẹ́sẹ̀ dé ẹlẹ́sẹ̀, tí kò sì sọ fún ọmọ pé ètò ìkọ́ni ni èyí, ọmọ yóò gbà pé bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Yóò rò pé ẹ̀dá tó wà lókè pátákó ni bàbá èyí tó wà nísàlẹ̀. A ti rí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, pé ekòló 'ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti di' ohun mìíràn. Ekòló kò gbìyànjú láti di nǹkan kan.

Capitella, orúkọ kan fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yà

Bí Archiannelida ṣe jẹ́ orúkọ tó kó àjèjì jọ gẹ́gẹ́ bí ìdílé, Capitella capitata jẹ́ orúkọ tó bo ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mọ́lẹ̀ lábẹ́ aṣọ kan. Fabricius, ajíhìnrere ará Dẹ́nmárkì tó gbé ní Greenland láti 1768 sí 1773, ló kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé Fauna Groenlandica tó jáde ní 1780. Orúkọ tó fún un ni Lumbricus capitatus. Lumbricus ni orúkọ ekòló ní Látìn; nítorí náà 'ekòló olórí' ni Fabricius pè é. Kò yani lẹ́nu. Ẹ̀dá náà pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tó hàn, kò ní ìwo lórí, ó sì ń jẹ ẹrẹ̀.

Ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè mọ Fabricius dáadáa ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Òun kan náà ló kọ ìwé gírámà èdè àwọn ará Greenland ní 1791 àti ìwé atúmọ̀-èdè wọn ní 1804. Nínú ìwé ẹranko rẹ̀, ó fi orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pe àwọn ẹ̀dá náà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Látìn. Ó mọ̀ pé orúkọ tí apẹja ń lò jẹ́ ẹ̀rí lọ́tọ̀, kò sì da a pọ̀ mọ́ orúkọ ìsọ̀rí. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe.

Lẹ́yìn Fabricius, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí 'Capitella capitata' káàkiri ayé, pàápàá níbi tí ẹrẹ̀ bá ti dúdú, tó ń rùn, tí ìdọ̀tí oúnjẹ, igi tàbí epo ti pọ̀ jù fún àwọn ẹ̀dá mìíràn. Ó di àmì ìdọ̀tí. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969, ọkọ̀ akẹ́po kan tó ń jẹ́ Florida gúnlẹ̀ sórí àpáta ní West Falmouth, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, epo rẹ̀ sì dà sínú òkun. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ìsàlẹ̀ omi kú. Capitella ní tirẹ̀ pọ̀ sí i bí ẹni pé wọ́n pè é síbi àsè.

Àwọn Grassle, ọkọ àti aya, ló tẹ̀ lé ìtàn yẹn jù. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ènsáìmù inú ara àwọn Capitella yìí wò, wọ́n rí i pé kì í ṣe ẹ̀yà kan. Nínú ìwé ìròyìn Science ní 1976, wọ́n ka ẹ̀yà mẹ́fà tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n tí ìbímọ wọn yàtọ̀ síra. Àwọn kan ń yé ẹyin ńlá, ọmọ wọn kì í sì í jìnnà sílé. Àwọn kan ń yé ẹyin kékeré, ọmọ wọn a sì máa lúwẹ̀ẹ́ kiri lójú omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Òun ló ń pinnu bí ẹ̀dá náà ṣe ń tètè dé ibi tó bàjẹ́, àti ibi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ nígbà tí ibẹ̀ bá mọ́.

Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí àwọn ilé ìwádìí ń lò jù lọ, jẹ́ 'Capitella ẹ̀yà kìn-ín-ní' lásán fún ọdún 33 kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Capitella teleta ní 2009. Ọmọ tí a kò sọ lórúkọ fún ọdún 33! Àwa ò bá wọn wí. Ní ọdún 2009 kan náà, Blake padà sí ohun tí a rí ní Greenland, ó tún capitata tòótọ́ ṣe àpèjúwe, ó sì fi hàn pé omi tútù ìhà àríwá ayé ni ibùgbé rẹ̀.

Àríwísí wa lórí bí wọ́n ṣe lo orúkọ yìí kí Blake tó dé, tí àwọn kan ṣì ń lò ó báyìí, ni pé ẹ̀rí náà ń yí po. Ibi tí ẹrẹ̀ bá ti bàjẹ́ ni wọ́n ti ń retí Capitella capitata. Nígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀dá pupa kékeré níbẹ̀, wọ́n á pè é ní Capitella capitata. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi í jẹ́rìí pé ẹrẹ̀ ti bàjẹ́. Ilé ló sọ ọmọ lórúkọ, ọmọ náà ló tún ń jẹ́rìí fún ilé. A kò sọ pé àmì náà kò wúlò. Bí àwọn Capitella bá kún ibì kan tí àwọn yòókù sì ti sá, nǹkan ti ṣe ibẹ̀. Ohun tí a kò lè sọ ni pé ohun tí a mọ̀ nípa ọ̀kan ni ohun tí a mọ̀ nípa gbogbo wọn.

Ọ̀sà Èkó

Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé wa. Ní 1990, Ajao àti Fagade tẹ iṣẹ́ jáde lórí ìgbé-ayé Capitella capitata nínú ọ̀sà Èkó, iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì, nítorí kò pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ tó ń yí ẹrẹ̀ ọ̀sà wò nígbà náà. Orúkọ tí gbogbo ayé ń lò ni wọ́n lò. Ọdún 19 lẹ́yìn wọn ni Blake tó kọ tirẹ̀. Àwọn tó ń da orúkọ náà kọ títí di ìsinsìnyí láì tún yẹ̀ ẹ́ wò ni à ń bá wí.

Ẹ wo ilé méjèèjì. Greenland, yìnyín. Ọ̀sà Èkó, omi gbígbóná tí iyọ̀ inú rẹ̀ ń lọ sókè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń dínkù nígbà tí òjò bá kún àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Lẹ́bàá Oko-Baba, ìyẹ̀fun igi láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó ti ń wọ inú omi náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Makoko, àwọn apẹja ń gbé lórí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ bí ọ̀sà yóò ṣe pẹ́ tó kí ara rẹ̀ tó yá lẹ́yìn tí wọ́n bá dáwọ́ ìdọ̀tí dúró, tó sì lọ mú ìṣirò bí ọmọ Capitella ṣe ń rìn jìnnà tó láti Massachusetts, ẹ̀dá mìíràn ló lọ yá ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ kan náà lórí ìwé méjèèjì ni yóò jẹ́ kó rò pé òun kò ṣe àṣìṣe. Apẹja tó ń retí kí ẹja padà ni yóò sì san gbèsè ìṣirò náà.

Orúkọ wo ni kí a fún wọn ní Yorùbá?

Pé a lè fi Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, ìyẹn kò tún jẹ́ àríyànjiyàn mọ́ láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ní 1970. Pé a lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí tó dúró ṣinṣin, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bamgboṣe ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti fi hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Ohun tó kù ni bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀.

'Aràn òkun' ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu. A kò fara mọ́ ọn. Aràn ní Yorùbá ń gbé inú ara ẹlòmíràn; ọmọ tó bá gbọ́ 'aràn' ń ronú nípa inú rírun àti oògùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá tí à ń sọ yìí kò gbé inú ara ẹnikẹ́ni. 'Kòkòrò òkun' kò sàn ju àpò Linnaeus lọ. Bí a bá sì ṣe àpèjúwe 'ẹ̀dá gígùn oní-òrùka, onírun púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara' láìfi àwòrán hàn, ọ̀kùn ni ọmọ yóò yà sínú ìwé rẹ̀, yóò sì jàre wa.

'Ekòló òkun' ló ṣòro jù láti kọ̀, nítorí ó dùn létí, Fabricius pàápàá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yí ìran padà. Ó ń sọ pé ekòló ni olórí ilé, pé àwọn ti òkun jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé láàrin àwọn ti òkun ni ekòló ti jáde wá sórí ilẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka Haúsá, tí wọ́n ní 'tana', àti ní ẹ̀ka Ìgbò, tí wọ́n ní 'idide', yóò bá ìdẹwò kan náà pàdé, a sì rọ̀ wọ́n kí àwọn náà fi orúkọ ẹ̀dá inú oko sílẹ̀ fún ẹ̀dá inú oko.

'Oní-òrùka' ni àwa fọwọ́ sí fún gbogbo agbo náà. Òun náà ní àléébù. Àwọn ẹ̀dá kan wà, bí àwọn tí à ń pè ní Echiura, tí DNA ti gbé wọ inú agbo yìí, tí àgbà wọn kò sì ní òrùka rárá. Nítorí náà, kí olùkọ́ sọ ọ́ fún ọmọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé orúkọ ìdílé ni 'oní-òrùka', pé kì í ṣe àpèjúwe, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń jẹ́ Ọdẹ́wálé ṣe lè má mọ ìbọn yìn. Ọmọ Yorùbá kò ní ṣòro mú kó yé.

Archiannelida ní tirẹ̀, kí a má ṣe túmọ̀ rẹ̀. Bí a bá gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà á, kí ó jẹ́ nínú ìtàn ìmọ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ àti ọdún tí wọ́n tú u ká. Ní ti orúkọ ẹ̀yà, Látìn ni kí a fi sílẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ kọ ju ibi tí ẹ̀rí dé lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bu ẹrẹ̀ ní etí ọ̀sà, tó sì rí ẹ̀dá pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ohun tó lè kọ sí ara ìgò rẹ̀ kò pọ̀: Capitella, ẹ̀yà kò tíì dájú, ọ̀sà Èkó, ẹrẹ̀ dúdú tí ìyẹ̀fun igi wà nínú rẹ̀, oṣù Kẹsàn-án, omi òjò pọ̀, iyọ̀ kéré.